Ẹ wá sọ ìrírí yín nípa pípa fáríábù global rẹ́

Ọmọ Kóòdù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni ojú yín ti rí lọ́wọ́ delete, àṣẹ ìparẹ́ nínú èdè kọ̀ǹpútà JavaScript, bí ẹ bá fẹ́ fi pa fáríábù global (orúkọ tó di dátà mú, tí gbogbo kóòdù lè lò) rẹ́? Mo kọ var iye = 500, mo wá kọ delete window.iye (window ni aṣàwárí ń kó fáríábù global sí), false ló dá padà fún mi, iye sì wà níbẹ̀ digbí.

Ìyá Ìbejì: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí a bá fi var kéde ti so mọ́ window, kò ṣeé yọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ iye = 500 láìfi var ṣáájú, delete yóò yọ ọ́, yóò sì dá true padà.

Baba Tọ́lá: Mi ò gbà. Ojú mi ló ṣe nígbà tí delete pa ohun tí a fi var kéde rẹ́ nínú Firebug, irinṣẹ́ tí a fi ń dán kóòdù wò nínú Firefox láyé ijọ́un.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ lẹ sọ, sà. Eval, àṣẹ tó ń mú ọ̀rọ̀ lásán ṣiṣẹ́ bíi kóòdù, ni Firebug fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà lórí ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀, ohun tí a bá sì fi var kéde nínú eval ṣeé parẹ́. Nínú fáìlì gan-an, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àrẹ̀mọ: Lábẹ́ "use strict", ìlànà líle tí a ń kọ sókè fáìlì, tó wọlé pẹ̀lú ECMAScript 5 (ẹ̀yà kan nínú ìlànà JavaScript) ní 2009, delete iye lásán ti di SyntaxError (àṣìṣe nínú ìkọ̀wé kóòdù), fáìlì náà kò ní ṣiṣẹ́ rárá.

Akọ̀wé Dátà: Ti èdè Python, níbi tí a ti ń kọ del dípò delete, ló ká mi lára jù. Mo ka CSV (fáìlì dátà) ńlá kan sínú Jupyter, ìwé iṣẹ́ tí a ń kọ kóòdù sí ní àpótí-àpótí tí à ń pè ní cell, mo sọ ọ́ ní tabili, mo tẹ orúkọ rẹ̀ sínú cell kí n lè rí i, nígbà tí iṣẹ́ sì parí, mo kọ del tabili. Mo tún pè é, NameError ló jáde, èyí tó fi hàn pé orúkọ náà ti lọ; síbẹ̀ RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) tí ó ń lò kò sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń wọ́ bí ìgbín.

Àrẹ̀mọ: Orúkọ ni del máa ń yọ, kì í ṣe ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Out, níbi tí Jupyter ń tọ́jú àbájáde cell sí, ló ṣì di tabili yín mú.

Ìyá Ìbejì: Bó bá sì jẹ́ inú function (àkójọ kóòdù tó ní orúkọ tirẹ̀) lẹ ti kọ del láìkọ global tabili ṣáájú, UnboundLocalError ni yóò jáde, torí Python yóò kà á sí fáríábù inú function náà nìkan.

Baba Tọ́lá: Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ kó iṣẹ́ yín sínú function. Bó bá ti parí, fáríábù inú rẹ̀ á bá a lọ.

Akọ̀wé Dátà: Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ dátà wò ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ nílò kí tabili náà wà láti cell kan dé òmíràn.

Àrẹ̀mọ: Ẹ lo %xdel tabili, àṣẹ kan nínú Jupyter, dípò del. Òun máa ń wá a dé inú Out.

Akọ̀wé Dátà: Mo ti lò ó báyìí. RAM ti sọ̀ kalẹ̀.