PS4 àlòkù fún ọmọ méjì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí iná àti díìsìkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 8 àti 11 la fẹ́ ra PS4 Slim, ẹ̀rọ géèmù, àlòkù fún ní ọjà Queen Cinema. Ètò inú ẹ̀rọ ò nira: ọmọ kọ̀ọ̀kan á ní àkáǹtì tiẹ̀ lábẹ́ ti òbí, wákàtí kan lóòjọ́, owó tí wọ́n lè ná lóṣù á sì jẹ́ òdo. Ibi tí òbí ti sábà máa ń ṣì í ni nọ́ńbà ìdènà 0000 tó bá ẹ̀rọ wá. Bẹ́ ò bá yí i padà, ọmọ tó gbọ́n á kàn ṣí àkáǹtì tuntun, òfin wákàtí kan ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Iná ló ń kọ wá lóminú gan-an. Bó bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sínú hard disk, fáìlì lè bàjẹ́. Ṣé UPS 650VA (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ) á gbé e pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 32, ká ṣáà ráyè pa á dáadáa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, báwo ni bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó?

Díìsìkì géèmù la fẹ́, torí dátà wọ́n, díìsìkì sì ṣeé pààrọ̀. Èyí tí wọ́n kọ PEGI 3 tàbí 7 (àmì ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún) sí níwájú nìkan ni o. Ẹ bá wa yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀: ibi tó ha yípo bí òrùka léwu ju èyí tó ha láti àárín síta lọ. Níbo ni wọ́n ti ń gba pààrọ̀ láìṣe màgòmágó, èló sì ni wọ́n ń gbà lé e?