Aṣọ tó ń bá ẹni tó wọ̀ ọ́ jà: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Àǹtí Aránṣọ, Maryland

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ní 2019 lọ́mọ mi fà mí lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Washington, níbi tí aṣọ tí Neil Armstrong wọ̀ rìn lórí òṣùpá wà nínú gíláàsì. Ọmọ ń wo akoto, èmi ń wo ojú rírán ìgbúnwọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn rìn gún régé débi pé ojú iṣẹ́ tèmi tì mí.

Mo délé, mo lọ kà nípa àwọn tó rán an. Àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ tó ń ṣe búráà ni, ní Dover, Delaware! Wọ́n máa ń fi X-ray yẹ aṣọ náà wò, kí pín-ín-nì kankan má baà sá pamọ́ síbẹ̀. Èmi tí mo ti gbàgbé pín-ín-nì sínú aṣọ ìyàwó rí... ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù ni pé afẹ́fẹ́ kún inú aṣọ, kò sì sí nǹkan kan níta tó máa tì í padà. Ṣe ló ń le gbagidi bíi táyà tí fọgánáísà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn. Alexei Leonov, ará Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ sí gbalasa òfurufú, ní March 1965. Láàárín ìṣẹ́jú 12, aṣọ ti wú mọ́ ọn lára, ìka ti yọ nínú ìbọ̀wọ́, kò ṣeé wọlé padà. Ó ní láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jò dànù kó tó rí ara rì wọlé, orí ló sì fi wọ̀ ọ́. Kí apá lè ṣẹ́ nínú irú aṣọ líle bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi rọ́bà oníṣẹ́po bí ara ekòló sí ìgbúnwọ́ ti Armstrong, lábẹ́ aṣọ funfun yẹn.

Afínọ̀dà, Ìbàdàn

Àǹtí, ìyàwó tẹ́ ẹ fi pín-ín-nì gún ńkọ́?

Tèmi ni ti gíláàsì tí mo fi ń bojú. Nígbà tí mo ń fín ọ̀dà mọ́tò, ooru ẹnu mi máa ń bò ó, ọwọ́ ò sì lè dé inú rẹ̀. Mo fi imú nu ún títí imú fi bó. Àṣé ohun tí Gene Cernan, ará Amẹ́ríkà tó lọ sí òfurufú, ṣe ní June 1966 nìyẹn! Ó lé ní wákàtí méjì níta ọkọ̀ òfurufú wọn, Gemini 9, kò rí ibi dì mú, afẹ́fẹ́ inú aṣọ ò lè tu ara rẹ̀. Imú ló fi dá ihò tó ń gbà ríran. Àwọn tó lọ sí òṣùpá ló wá wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí omi tútù ń ṣàn nínú páìpù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀gá tèmi ní kí n fi ọṣẹ ìfọwo pa inú gíláàsì. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń ta mí lójú.