Kọ̀ǹpútà kan, èèyàn mẹ́rin nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ̀ǹpútà ilé ni mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀. HP EliteDesk 800 G2 tòkunbọ̀ ni, RAM 8GB, háàdì 500GB tí wọ́n pín sí C àti D, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Èmi ń fi Excel ṣe máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 17, ń fi múra JAMB. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì, ọmọ ọdún 11 àti 8, ń fi ṣe géèmù, wọ́n sì ń wo YouTube. MiFi kan ni gbogbo wa ń lò.

Mo ti ya àkáǹtì kálukú sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ṣì rú mi lójú. Fódà máàkì mi wà lórí D, síbẹ̀ wọ́n ń ṣí i láti inú àkáǹtì tiwọn. Roblox wọlé láì bèèrè páswọ́ọ̀dù mi. Dátà 20GB kì í tó wa lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo sì fẹ́ kí àwọn kékeré má lè wọlé mọ́ tó bá ti di aago méje alẹ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

Ọ̀gá Òkèṣà

Tíṣà, ẹ kú làákàyè. Kí a tó dé orí D, ẹ jẹ́ ká mọ irú àkáǹtì tí ẹ yà fún wọn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ netplwiz, ẹ tẹ Enter. Orúkọ gbogbo yín máa jáde, ẹgbẹ́ tí kálukú wà á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà ní Administrators, ẹgbẹ́ àwọn tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe èyí tí ẹ̀yin fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ lọ sí Settings, Accounts, Family & other users, kí ẹ tẹ Add someone else to this PC. Bó bá bèèrè í-meèlì, ẹ mú I don't have this person's sign-in information, lẹ́yìn náà Add a user without a Microsoft account. Ẹ pe àkáǹtì yẹn ní Alabojuto, ẹ fún un ní páswọ́ọ̀dù tó gùn, kí ẹ fi Change account type sọ ọ́ di Administrator. Ẹ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé páswọ́ọ̀dù náà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó sọ tiyín di Standard, ìyẹn àkáǹtì tí kò ní àṣẹ Administrator. Ẹni tó bá fo ibí yìí lè ti ara rẹ̀ mọ́ta.

Ìdí tí tiyín náà fi gbọ́dọ̀ di Standard ni pé fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì tí ẹ gbà lọ́wọ́ akẹgbẹ́ yín kò mọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Agbára tí àkáǹtì yín bá ní lòun náà máa lò.

Ó wá ku D. Windows máa ń ti fódà kálukú tó wà nínú C:\Users mọ́ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n D kò ní ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín in ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Authenticated Users ti ní àṣẹ Modify lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ó lè ṣí i, ó lè yí i, ó lè pa á rẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ gbé fódà náà lọ sínú Documents yín. Bó bá ti kúrò lórí D bọ́ sórí C, òfin ibi tó dé ló máa tẹ̀lé.

Bó bá di dandan kó wà lórí D, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, Properties, Security, Advanced. Ẹ kọ́kọ́ fi Add kọ orúkọ tiyín sí i pẹ̀lú Full control. Lẹ́yìn náà ni Disable inheritance, ẹ mú Convert, kí ẹ wá yọ Authenticated Users àti Users. Ẹ fi SYSTEM àti Administrators sílẹ̀ o. Bí ẹ bá yọ àwọn ẹgbẹ́ yẹn kí orúkọ yín tó wọlé, ẹ̀yin gan-an lẹ máa wà níta.

Ọmọ Ìjerò

Ti Roblox kì í ṣe ẹ̀bi yín. Páswọ́ọ̀dù tí Windows ń bèèrè wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sínú Program Files tàbí inú Windows fúnra rẹ̀. Roblox kì í dé ibẹ̀, inú AppData ọmọ tó ń fi í sórí ẹ̀rọ ló máa ń fìdí kalẹ̀ sí. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kí ọmọ to nǹkan sínú yàrá tirẹ̀, kò nílò kọ́kọ́rọ́ ilé.

Láti inú Alabojuto, ẹ lọ sí Settings, Apps, Apps & features. Lókè pátápátá ẹ máa rí Choose where to get apps, ẹ yí i sí The Microsoft Store only. Kì í yọ èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ wọ àkáǹtì ọmọ náà kí ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Roblox sì wà nínú Store pẹ̀lú, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ dí i pátápátá, Microsoft Family Safety lẹ máa lò fún àwọn kékeré méjèèjì. Ìyẹn gba kí kálukú wọn ní àkáǹtì Microsoft, ẹ̀yin á sì máa darí wọn láti family.microsoft.com. Edge, aṣàwákiri Microsoft, nìkan ni asẹ́ ìkànnì rẹ̀ ń ṣọ́, òun fúnra rẹ̀ á dí àwọn aṣàwákiri yòókù.

Lójú tèmi, ẹ fi Roblox sí ọjọ́ Sátidé kẹ́ ẹ sinmi. Ọmọ ọdún 11 tó ń wá ọ̀nà àbùjá kì í tètè sú.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà àkáǹtì Microsoft, àṣẹ kan wà fún aago. Nínú Alabojuto, ẹ wá cmd, fèrèsé tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ẹ ṣí i pẹ̀lú Run as administrator, ẹ kọ:

net user kekere /time:M-F,15:00-19:00;Sa-Su,10:00-19:00

Orúkọ àkáǹtì ọmọ ni kekere yẹn. Odidi wákàtí nìkan ló ń gbà, 18:30 ò ní wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ wo ohun tí ẹ ṣe, ẹ kọ net user kekere, kí ẹ wo ìlà Logon hours allowed. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, /time:all ni.

Ibi tó ti máa ń já èèyàn kulẹ̀ nìyí: ẹnu ọ̀nà nìkan ni àṣẹ náà ń ṣọ́, kì í lé ẹni tó ti wà nínú ilé jáde. Ọmọ tó bá wọlé ní 18:55 lè wà níbẹ̀ di ọ̀gànjọ́. Nítorí náà ẹ ṣí Task Scheduler, ẹ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún 19:00 lójoojúmọ́, ẹ fi Change User yan orúkọ ọmọ náà, kí ètò tó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ shutdown.exe, kí argument rẹ̀ sì jẹ́ /l. Kì í kìlọ̀, ohun tí wọn ò bá tíì fi pamọ́ á lọ. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú.

Ẹ wo aago ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Bó bá ń padà sí ọdún tó ti kọjá nígbàkígbà tí iná bá lọ, bátìrì CR2032 orí bọ́ọ̀dù ló ti kú, gbogbo àkókò tí ẹ ṣètò á dà rú, aṣàwákiri á sì máa pariwo certificate, pé ìkànnì kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ yọ wáyà iná kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ojú tó ní àmì ìròpọ̀ ló máa wà lókè.

Ẹ má fi èyí de àbúrò yín o. UTME, ìdánwò JAMB, jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2, ẹni tó ń múra nílò kó jókòó wákàtí 2 tààrà.

Olóòtú Dátà, Ìkọ̀lé

Ẹ yé fi gbogbo ẹ̀bi dátà lé àwọn ọmọ lórí. Ẹ ṣí Settings, Network & Internet, Data usage, ẹ máa rí iye tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ láàárín ọjọ́ 30. Bó bá jẹ́ System ló wà lókè, Windows Update ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ tẹ orúkọ MiFi yín kí ẹ tan Set as metered connection, kí Windows lè máa ṣọ́ dátà lò. Bó bá jẹ́ wáyà USB lẹ fi so MiFi mọ́ ẹ̀rọ, abẹ́ Ethernet lẹ máa rí i, kì í ṣe abẹ́ Wi-Fi. Ẹ pa Allow downloads from other PCs pẹ̀lú, nínú Delivery Optimization.

Ti YouTube, ẹ fi 360p kọ́ wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti 1080p pọ̀ gan-an, àwọn ọmọdé ò sì rí i lójú fídíò ẹranko.

Fún àwọn ìkànnì tí kò yẹ kí ọmọdé rí, ẹ fi DNS (ibi tí ẹ̀rọ ti ń bèèrè àdírẹ́sì ìkànnì) ti Cloudflare, 1.1.1.3 àti 1.0.0.3, sínú IPv4 orí ẹ̀rọ. Àkáǹtì Standard ò lè yí i. Ẹ fi ti IPv6 náà sí i, 2606:4700:4700::1113 àti 2606:4700:4700::1003, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Bí ẹnì kan bá wá so fóònù mọ́ ọn láti fi pín íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ọ̀nà tuntun nìyẹn, DNS yín kò sí lórí rẹ̀.

Ọmọ Ìjerò

Ẹ kún un pé kí ẹ pa Use secure DNS nínú Chrome ní àkáǹtì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà ní títàn pẹ̀lú DNS míì, ó máa fo èyí tí ẹ ṣètò.

Àwúrèbe

Àwọn tó ń ta sọ́fítíwià CBT, èyí tí wọ́n fi ń múra ìdánwò orí kọ̀ǹpútà bíi ti JAMB, ní kí èèyàn pa antivirus kó tó fi sórí ẹ̀rọ. Ṣé ká pa á?

Ọ̀gá Òkèṣà

Rárá o. Ẹ fi Defender, antivirus tó bá Windows wá, yẹ fáìlì náà wò lórí fláàṣì ná. Bó bá pariwo Trojan, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Púpọ̀ nínú sọ́fítíwià yẹn ni ẹnì kan ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó lè tà á láì sanwó, ohun tó fi dípò kọ́kọ́rọ́ lẹ ò mọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ fláàṣì náà: bí ẹ bá rí fódà tó ní ọfà kékeré ní igun, tí Type rẹ̀ jẹ́ Shortcut, tí kò ju 1KB tàbí 2KB lọ, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Fáìlì yín wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì kàn fi í pamọ́ ni. Bó bá jẹ́ E ni fláàṣì náà, ẹ kọ èyí sínú cmd:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹ pa àwọn Shortcut yẹn rẹ́, kí ẹ sì ṣe Microsoft Defender Offline scan. Ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ tan, á máa wá a fún bíi ìṣẹ́jú 15. Ẹ gún iyán, yóò ti parí kí ẹ tó gé e.

Nítorí iná tó ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, UPS 650VA (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ) tó fún ẹ̀rọ àti mọ́nítọ̀, ẹ má so printer laser mọ́ ọn. Nínú Excel, File, Options, Save, ẹ dín AutoRecover kù láti ìṣẹ́jú 10 sí 2. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ o. Ẹ ṣì máa kó máàkì sórí fláàṣì kan tí kò sí ọmọdé tó mọ ibi tó wà.

Ohun kan tún kù. Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ẹ̀rọ yín tó jẹ́ ìran kẹfà Intel kò sì sí nínú àwọn tí Windows 11 gbà. Ẹ wo Enroll now nínú Windows Update, ó ń fún yín ní àtúnṣe ààbò títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026. Àkáǹtì Microsoft tó jẹ́ Administrator lẹ máa fi wọlé kó tó ṣeé ṣe.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe ti D. Mo wọ àkáǹtì kékeré láti dán an wò, ó ní n ò ní permission, ó sì gbé Continue síwájú mi. Mo tẹ̀ ẹ́, ó bèèrè páswọ́ọ̀dù Alabojuto. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ọ̀gá Òkèṣà

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ No. Bí ẹ bá kọ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló máa ṣí, ó máa kọ orúkọ ọmọ náà sínú àwọn tó láṣẹ lórí fódà yẹn títí lọ. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ padà sí Security kí ẹ yọ orúkọ rẹ̀.