Ẹ̀yin ará Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí wọ́n ti ń dìbò ṣáájú ọjọ́, ibo ni ìwé ìbò ń sùn sí? Báwo la sì ṣe ń mọ èsì òótọ́?

Nọ́ọ̀sì Kàbbà:
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí, Kàbbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Ẹ̀gbẹ̀ ni mo ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, Sátidé 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èmi ni iṣẹ́ já lé lọ́wọ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí. A ò lè fi ẹni tó ń rọbí sílẹ̀ lọ dìbò. Ká tiẹ̀ ní wọ́n yọ̀ǹda mi, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá gbé mi dé Ẹ̀gbẹ̀? Àbúrò mi ọkùnrin, àgùnbánirọ̀ ni nígbà yẹn, ìpínlẹ̀ míì ló wà tó ń bá INEC ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìdìbò. Òun náà ò dìbò. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn níbẹ̀ ò dìbò. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Mo wá gbọ́ pé ní Gánà, àwọn ọlọ́pàá, ṣọ́jà, oníròyìn àtàwọn òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò ti dìbò tiwọn lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2024, kó tó di ọjọ́ 7 tí gbogbo ìlú dìbò. Ibo ni ìwé ìbò yẹn ń sùn sí títí wọn ó fi kà á? Àti pé lálẹ́ ìbò, kí lẹ ń wò kẹ́ ẹ tó gba èsì gbọ́? Lọ́dún 2023, lórí wàásáàpù ẹbí wa nìkan, oríṣiríṣi èèyàn ló ti "wọlé" kí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó mọ́.

Ọmọ Ìyàrà ní Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítorí náà mò ń dìbò níbí. Ní Texas, ìbò ṣáájú ti ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ ní 21 oṣù Kẹwàá, ó parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìdìbò gan-an sì jẹ́ ọjọ́ 5. Ibùdó èyíkéyìí nínú káúńtì wa ni mo lè lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo fi ìwé ìwakọ̀ mi hàn wọ́n, mo fọwọ́ síwèé, mo dìbò, mo lọ sùn. Ọjà ò tì, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀.

Wọn kì í sọ iye kankan jáde títí wọn ó fi ti ibùdó lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Lẹ́yìn náà, ìbò ṣáájú yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé jáde ní ọ̀dọ̀ tiwa. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ ṣá o. Ní Pennsylvania, wọn ò gbọdọ̀ ṣí àpò ìwé ìbò tó gba póòsì wá títí di aago méje àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Ó wà lára ohun tó fà á tí a fi dìbò ní Túsìdeè ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, tó fi di Sátidé kí iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press tó kéde pé Biden ló wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Trump ló wà níwájú ní Pennsylvania. Bí wọ́n ṣe ń ka ìwé tó gba póòsì ló ń yí. Bàbá mi pè mí láti ilé lóru ọjọ́ yẹn pé ìbò ti parí. Mo ní kí wọ́n lọ sùn.

Àgbẹ̀ Ìjùmú:
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ má gbé ìyẹn wá bá wa. Bí àpótí ìbò bá máa sun ọjọ́ márùn-ún níbì kan, ta ló máa ṣọ́ ọ? Lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé, wọ́n ṣì ń já àpótí gbà. Mo mọ ohun tí Nọ́ọ̀sì ń sọ, nítorí àsìkò kajú gan-an ni ìbò oṣù Kejì bọ́ sí, àwa tí oko wa jìn náà mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n pàdánù kajú ọjọ́ kan ju kí ìbò mi lọ sùn síbi tí mi ò mọ̀.

Tíṣà Ìsánlú:
Okun gbogbo yín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì máa ń ṣe ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ ní ibùdó àdúgbò wa.

Àgbẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ tọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí Gánà ṣe ṣe é: wọn ò ka ìbò ọjọ́ 2 yẹn lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi èdìdì dì í, òfin wọn sì gbà kí olùdíje tó bá fẹ́ fi èdìdì tirẹ̀ kún un, wọ́n wá tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ 7, wọ́n kà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù nígbà tí ìdìbò parí. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó kéde èsì rárá, Bawumia tó fìdí rẹmi ti pe Mahama tó wọlé láti kí i kú oríire. Ó ṣeé ṣe.

Nílé wa níbí, òfin ìdìbò ọdún 2022 tí a fi dìbò ọdún 2023 ò fàyè gba ìbò ṣáájú. Ibi tí orúkọ rẹ wà nìkan lo ti lè dìbò. Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, nígbà tí INEC bá ṣí ìforúkọsílẹ̀, ní kí wọ́n gbé orúkọ rẹ kúrò ní Ẹ̀gbẹ̀ wá sí ibùdó tó sún mọ́ ọsibítù yín. Nígbà yẹn, bí ẹnì kan bá di iṣẹ́ mú fún ọ díẹ̀, wàá lè sáré lọ dìbò.

Ní ti èsì, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ara ògiri ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí wàásáàpù. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni ìdìbò ń parí. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà ṣì máa dì í. Ọ̀gá ibùdó á da ìwé ìbò sílẹ̀ lójú wa, a ó jọ kà á sókè, á kọ iye ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù EC8A, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. A ó fọwọ́ sí i, á fún ejẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ̀dà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá máa ń ṣe bàìbàì, a máa ń gbé e síta oòrùn ká tó mọ 3 yàtọ̀ sí 8. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò pé ìwé èsì EC60E tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni kí wọ́n yà, nítorí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà fún gbogbo ènìyàn láti rí.

Láti ibẹ̀, EC8A á lọ sí wọ́ọ̀dù, wọn á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú EC8B. Á lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, sí Lọ́kọ́ja, kó tó dé Àbújá. Wọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ fojú sí! Ní ibùdó, gbogbo àdúgbò ń wò. Ní Àbújá, tẹlifíṣọ̀n ń wò. Ní wọ́ọ̀dù, ilẹ̀ ti ṣú, iná lè má sí, ebi ń pa ejẹ́ǹtì, ẹlòmíì ti gba ilé lọ. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní owó oúnjẹ fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó máa dúró ní wọ́ọ̀dù ni kí wọ́n fún.

IReV, ìkànnì INEC tí a ti ń wo èsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀. Fọ́tò EC8A ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, fọ́tò ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń wọlé lọ́jọ́ náà, ti ààrẹ ló há. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sọ ọ́ ní 26 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn pé kì í ṣe ẹ̀rọ ìkójọpọ̀ èsì. Ìwúlò rẹ̀ fún wa ni pé a lè fi fọ́tò ògiri wé e.

Ní ti àwọn tó "wọlé" lórí wàásáàpù yín kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́, ẹ rántí pé Èkìtì ló kọ́kọ́ ka èsì tirẹ̀ ní Àbújá, ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an sì ni. Ìdájí Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ni wọ́n tó kéde Tinubu pẹ̀lú ìbò 8,794,726. Kì í sì í ṣe ìbò tó pọ̀ jù nìkan ni wọ́n ń wò. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ta ló lè ti mọ gbogbo ìyẹn lóru Sátidé?

Nọ́ọ̀sì Kàbbà:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Màá gbé orúkọ mi wá sí Kàbbà. Ìyá mi ṣì wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ibùdó wọn ò jìnnà sílé, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò dára. Ṣé fọ́tò tí ọmọ ilé bá yà níbẹ̀ lè wúlò?

Tíṣà Ìsánlú:
Yíyà ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kó yà á tán, kó fi ránṣẹ́ nígbà tó bá rí i. Kó rí i pé kóòdù ibùdó hàn lókè ìwé, ti Kogí máa ń fi 22 bẹ̀rẹ̀. Láìsí kóòdù, kò sí bí a ó ṣe rí i lórí IReV.

Àgbẹ̀ Ìjùmú:
Ṣé ọlọ́pàá ò ní gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ yẹn?

Tíṣà Ìsánlú:
Ibi tí a ti ń tẹ̀ka ni fóònù ò gbọdọ̀ dé. Ìwé ara ògiri, torí kí gbogbo ènìyàn lè kà á ni wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́. Kó dúró kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tán, kó yà á, kó máa lọ sílé.