Wọ́n gé owó mi ní ránṣì ní Wyoming: ṣé kí n kó ẹrù mi ni?

Àbẹ̀kẹ́ (Wyoming)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé òru ni mo ń kọ èyí, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé níbí, ibẹ̀ kì í sì í dá kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní Manchester, físà J-1 ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìsinmi ìgbà ooru ṣiṣẹ́ ni mo sì bá wọ Amẹ́ríkà. Ránṣì tí mo wà, ìyẹn oko màlúù àti ẹṣin tí àwọn àlejò ti ń wá lo ìsinmi, wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Cody, ó tó 55 kìlómítà sí ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ wa jù. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún kábíìnì àwọn àlejò ṣe láàárọ̀, kí n sì máa gbé oúnjẹ fún wọn lálẹ́.

Àná ni wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Wákàtí 80 ni mo ṣe, dọ́là 12 ni wákàtí kan, ìyẹn 960, ṣùgbọ́n ohun tó dé ọwọ́ mi kò pé 650. Wọ́n yọ 168 fún ibùsùn, wọ́n yọ 59.52 fún Social Security (owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba), wọ́n yọ 13.92 fún Medicare (owó ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà), wọ́n sì tún yọ owó orí ti ìjọba àpapọ̀. Mi ò tíì san gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fi wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Jackson ní wọ́n ń wá ènìyàn níbẹ̀ ní dọ́là 19, pé kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti di ẹrù mi tán. Oorun ò kùn mí rárá. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ̀gá mi obìnrin, tí kò ṣe mí níbi kankan láti ọjọ́ tí mo ti dé?

Àkànní (Denver)
Àbúrò, tú ẹrù yẹn sílẹ̀ kí o tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí èmi náà wà lórí J-1, mo jí kúrò ní ránṣì kan ní Montana ní aago márùn-ún ìdájí, mo fi ìwé pélébé kan sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì bá awakọ̀ tó ń gbé mílíìkì lọ sí ìlú, nítorí wọ́n ti bá mi wá iṣẹ́ tó sàn jù sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Mi ò sọ fún onígbọ̀wọ́ mi, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ètò J-1 mi. Ohun tí òfin wí ni pé onígbọ̀wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ tuntun náà wò, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí o tó fi ọwọ́ kan ìgbálẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá ránṣì pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, wọ́n ti fòpin sí ètò mi nínú SEVIS, àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa àwọn tó wá lórí irú físà yìí. Ẹni tó bá parí tirẹ̀ bó ṣe yẹ ní 30 ọjọ́ láti fi rìn kiri kí ó tó padà sílé, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá lé kúrò nínú ètò kò ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo sáré rà gbé gbogbo owó tí mo ti kó jọ lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ṣàlàyé ìdájí ọjọ́ kan yẹn kí wọ́n tó tún fún mi ní físà.

Ìyá Ìbejì (Houston)
Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ti owó. Àbẹ̀kẹ́, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n yọ, má kó wọn pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Ti ibùsùn, wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí o fọwọ́ sí kí o tó wá. Bí dọ́là 12 lóru bá wà níbẹ̀, o ti gbà á. Owó orí ìjọba àpapọ̀ bófin mu, ìwọ yóò sì kọ Fọ́ọ̀mù 1040-NR, ìwé owó orí ti àwọn àlejò, kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀ tó kọjá, kí wọ́n lè dá èyí tó bá lé padà fún ọ. Wyoming kì í gba owó orí ti ìpínlẹ̀ lórí owó iṣẹ́, nítorí náà bí o bá rí irú rẹ̀ lórí ìwé owó rẹ lọ́jọ́ kan, ké gbàjarè.

Ṣùgbọ́n Social Security àti Medicare yẹn, àṣìṣe ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lórí J-1, tí òfin owó orí ṣì kà sí àlejò, kò gbọ́dọ̀ san án. Ìdá 7.65 nínú 100 ni méjèèjì jẹ́ papọ̀. Bí wọ́n bá yọ 73.44 bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méje tí o máa gba owó, ó lé ní dọ́là 514. Àwọn tó ń ṣírò owó ní ránṣì kékeré kì í sábà pàdé físà yìí, nítorí náà má bá wọn jà. Mú DS-2019 rẹ, ìwé ẹ̀rí pé o wà nínú ètò J-1, lọ bá ẹni tó ń sanwó, kí o sì ní kí wọ́n dá a padà kí ọdún tó parí. Bí wọn kò bá lè dá a padà ni o ó tó kọ Fọ́ọ̀mù 843 àti 8316 sí IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, láti gba owó náà padà, ìyẹn sì máa ń pẹ́.

Àṣìṣe tèmi nìyí, kí ó má bàa ṣe ọ́. Àdírẹ́sì ránṣì ni mo fi sílẹ̀ fún W-2, ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n san fún ọ àti iye tí wọ́n yọ lọ́dún. Oṣù kìíní ni wọ́n fi í ránṣẹ́, ìgbà tí ránṣì náà ti tì pa, tí yìnyín sì ti bo àpótí lẹ́tà mọ́lẹ̀. Oṣù karùn-ún ni mo tó rí i. Àdírẹ́sì Manchester ni kí o fún wọn.

Kọ́lá (Peckham)
Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì kò láfikún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ò sọ ìdí tí ẹ fi kúrò. Ẹ sọ ọ́ fún wa rí pé mẹ́fà lẹ ń sùn ní yàrá kan tí ẹ̀rọ amúlémóoru rẹ̀ ti bàjẹ́, tí omi sì ń dì nínú ife lóru. Èmi ò gbà pé kíkúrò ni àṣìṣe yín. Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé ẹ kọ̀wé sí orí bẹ́ẹ̀dì dípò kí ẹ kọ ọ́ sí onígbọ̀wọ́. Mo ṣiṣẹ́ ìgbà kan ní ilé-àlejò ọlọ́dẹ kan ní òkè Scotland, mo sì mọ bí òtútù ṣe ń lé ènìyàn.

Àkànní (Denver)
Àbúrò mi Kọ́lá, ẹni tó kúrò láìsọ ti ṣàṣìṣe méjì, kò ṣe ọ̀kan. Òtútù yẹn jẹ́ ẹ̀sùn tó tọ́, ẹ̀tọ́ mi sì ni. Bí mo bá ya fọ́tò yàrá náà tí mo fi ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́, àwọn ni ìbá bá mi wá ibòmíràn. Ó yẹ kí wọ́n máa bi wá léèrè lóṣooṣù bí nǹkan ṣe ń lọ. Mo dá wọn lóhùn ní oṣù àkọ́kọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára, nítorí ojú ń tì mí. Irọ́ yẹn ni wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà tí mo wá ń ṣàlàyé.

Ìyá Ìbejì (Houston)
Mo fara mọ́ Kọ́lá ní ìdajì. Ọjọ́ wo lẹ kúrò pàápàá? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí àwọn àlejò ń pààrọ̀, tí kábíìnì méjìlá ń dúró de ènìyàn mẹ́ta, ẹ jẹ gbèsè ìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjì tó kù.

Àkànní (Denver)
Ọjọ́ náà ni.

Àdùkẹ́ (Calgary)
Ẹ jẹ́ kí n bi àbúrò wa ní ohun tí ẹnì kankan kò tíì bi í: kí ló wà nínú àpótí tí o dì yẹn? Bí panla tàbí edé bá wà níbẹ̀, gbé e kúrò nínú kábíìnì lálẹ́ yìí. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní ránṣì kan lábẹ́ àwọn òkè Alberta, mo ra mọ́tò àlòkù kan ní dọ́là Kánádà 2,800, mo sì tọ́jú ẹja gbígbẹ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sínú bùùtù rẹ̀, torí pé àwọn tí a jọ ń sùn ní òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn sùn. Béárì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà bí ẹni ń ṣí ewé mọ́ínmọ́ín. Kò ṣẹ́ edé kan kù fún mi. Apá ibi tí o wà yẹn ní béárì ńlá, ó sì yẹ kí àpótí irin tí wọn kò lè ṣí wà fún oúnjẹ, béèrè rẹ̀. Béèrè agolo ata tí wọ́n fi ń lé wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n má dì í sínú ẹrù nígbà tí o bá ń padà, nítorí wọn kò gbà á nínú ọkọ̀ òfuurufú rárá, ì báà jẹ́ nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Bí o bá lọ wo Yellowstone, 91 mítà ni òfin ní kí o fi jìnnà sí béárì, 23 mítà sí ẹfọ̀n wọn.

Ẹ̀wà ńkọ́? Ilẹ̀ yín ga tó 1,900 mítà, omi sì ń hó níbẹ̀ nígbà tí kò tíì gbóná ju ìwọ̀n Celsius 93 tàbí 94 lọ. Mo se ẹ̀wà olóyin fún wákàtí mẹ́ta, ó ń hó, ó ń wò mí. Rẹ ẹ́ mọ́jú, kí o sì wá pressure pot.

Kọ́lá (Peckham)
Gbogbo màlúù tó wà níbẹ̀ yẹn, wọn kì í ta ṣàkì tàbí pọ̀nmọ́ fún yín? Tí n bá na ẹsẹ̀ jáde sí Rye Lane báyìí, mo ti rà á dé.

Àdùkẹ́ (Calgary)
Fi Rye Lane sílẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ màlúù la wà. Láti 1912 ni Calgary ti ń ṣe Stampede, ìdíje gígun ẹṣin àti màlúù, ìlú wa ni ìyá gbogbo ọlọ́ṣin.

Ìyá Ìbejì (Houston)
Ẹ rọra o. Àfihàn ẹran tí a ń pè ní Rodeo ti Houston bẹ̀rẹ̀ ní 1932, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó ní oṣù kẹta, kí ẹ rí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó dé fìlà kábọ́ọ̀yì lórí agbádá, tí wọ́n sì ń ná owó ẹran suya bí ẹni pé Ṣágámù ni wọ́n wà.

Àkànní (Denver)
Àfihàn ẹran ti Denver ti wà láti 1906. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n yín. Kò sì sí èyí tó lè fojú di Bódìjà ní Ìbàdàn ní àárọ̀ Iléyá.

Ìyá Ìbejì (Houston)
Ìbàdàn tún dé. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ibo ni ọ́ ná?

Àbẹ̀kẹ́ (Wyoming)
Ọmọ Ṣakí ni mí, mà. Mo ti tú ẹrù náà. Mo rí ìlà ibùsùn náà nínú àdéhùn, dọ́là 12 lóru ni lóòótọ́. Mo ti kọ̀wé sí onígbọ̀wọ́, mo so fọ́tò ìwé owó náà mọ́ ọn, mo sì béèrè bóyá wọ́n lè yẹ iṣẹ́ Jackson wò. Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé wọn kò fún òun ní ibùsùn níbẹ̀, pé orí ìjókòó ilé ẹlòmíràn ni òun ń sùn, tí òun sì ń san 350 lọ́sẹ̀. Edé wà nínú àpótí mi, ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́. Mo ti gbé e lọ sínú àpótí irin.

Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó là, wọ́n ń da àwọn ẹṣin wọlé láti pápá, òórùn ìgbẹ́ màlúù àti ìrì á gbé mi padà sí ọ̀nà oko bàbá mi, ẹ̀bá gáà àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà fún ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni Iléyá bọ́ sí. Ẹran tó wà níbí ju ènìyàn lọ, kò sì sẹ́ni tó kí mi kú ọdún.

Ìyá Ìbejì (Houston)
Ẹ kú ọdún o, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Àdùkẹ́ (Calgary)
Ẹ kú ọdún, ọmọ Ṣakí. Bí o bá dúró títí ìgbà náà fi parí, béèrè bí wọ́n ṣe ń pín owó ọpẹ́ tí àwọn àlejò ń fi sílẹ̀. Ní ti wa, inú àpótí kan ló ń wọ̀, ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n pín in, ẹni tó ti lọ kò sì rí nǹkan kan.

Àbẹ̀kẹ́ (Wyoming)
Màá béèrè lọ́la. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ló kù, mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ bí wọ́n bá gbà mí ní Jackson. Ẹ̀gbọ́n Àkànní, kí ni ẹ kọ sínú ìwé pélébé yẹn?

Àkànní (Denver)
Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣeun fún oúnjẹ." Ó bọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Wọn kò rí i títí di ọ̀sán, ẹṣin mẹ́rin ni wọ́n sì gùn láti fi wá mi kiri etí odò.