Iná ẹ́ńjìnì tàn, mo ra púùmù tí n kò nílò: ẹ sọ tiyín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti ra ohun tí kò yẹ kó rà fún mọ́tò rẹ̀ rí, kó wá jókòó tì mí.

Corolla tòkúnbọ̀ ni mo ń gùn. Iná ẹ́ńjìnì tàn sójú dáṣíbọọ̀dù, kò kú mọ́. Bí mo bá forí lé ọ̀nà Ìdànrè, epo á máa gbẹ bíi pé mo ń dà á sílẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba inú ọkọ̀. Rewáyà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní Akúrẹ́ ki skánà bọ̀ ọ́, ó ní kóòdù P0171 ló gbé jáde, pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ó ní púùmù epo ni. Mo rà á. Ó ní ká fọ nọ́sù. A fọ̀ ọ́. Ó ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Mo tún rà á. Iná yẹn ṣì ń wò mí.

Ohun kan ò yé mi: skánà ní epo ò tó, àmọ́ nígbà tí a tú pọ́lọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo bi rewáyà, ó ní kí n jẹ́ kóun ṣiṣẹ́ òun.

Bàbá kan lọ́nà Oǹdó ló já a. Ó ní kí n gbé e wá láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Ó sitáàtì rẹ̀, ó fi akísà tútù dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n omi ọṣẹ sára manifóòdù èéfín, páìpù tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnì. Níbi tí ẹnì kan ti fi iná jó o pọ̀ rí, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, pú-pú-pú. Ihò náà ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kò sì ju ìka mẹ́rin lọ sí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lójú ọ̀nà èéfín.

Ó ní, "Ọmọ mi, sẹ́ńsọ̀ yìí kì í ka epo o. Ọ́síjìn tó kù nínú èéfín ló ń kà." Pé bí èéfín ṣe ń tú jáde ní ìgbì-ìgbì, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láti ihò yẹn. Sẹ́ńsọ̀ á ní epo ò tó, brainbox, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, á gbà á gbọ́, á máa bu epo sí i. Gíráàmù epo 1 sí gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 ló yẹ kó máa pò. Tèmi, brainbox ti fi 22% kún epo! Wọ́n jó ihò náà pa, a pa kóòdù rẹ́, mo wà á lọ Ọ̀bà-Ilé fún ọjọ́ mélòó kan, ó wálẹ̀ sí 3%.

Ará Ìjàpọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mo wà ní Jámánì, mo gbé tèmi sórí dyno, ẹ̀rọ tí wọ́n ń de mọ́tò mọ́lẹ̀ lé lórí kí táyà máa yí rólà, kó lè sọ agbára ẹ́ńjìnì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra: 118, 114, 109. Àyà mi já. Àṣé fáànù ike kékeré ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń mu. Wọ́n wá fáànù ńlá, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n wo géèjì táyà, gíà kan náà: 117, 118, 117. Bí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo yangàn fún mi báyìí, màá ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn èéfín náà, etí sàlẹ́ńsà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń kà.

Awakọ̀ Oǹdó: Tèmi ò níhò. Kọ́ìlì kan, èyí tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, ló kú. Epo inú sílíńdà yẹn ò jóná, ọ́síjìn rẹ̀ ń jáde bó ṣe wọlé, skánà ní epo ò tó. Mẹkáníìkì mi gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n, kò tilẹ̀ wo skánà.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Púùmù mi àtijọ́ ṣì wà nínú búùtù, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹnì kan bá nílò rẹ̀ ní Akúrẹ́, ẹ sọ̀rọ̀.