Ìbúsóòró ni mo fara mọ́, kì í ṣe “ìwọ̀n àwòrán”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún “aspect ratio,” ìyẹn bí ìbú àwòrán fídíò ṣe rí sí òòró rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ń kọ bíi 4:3 tàbí 16:9. Ẹnì kan mú “ìwọ̀n àwòrán” wá, ẹlòmíràn mú “ìpíndọ́gba àwòrán,” ìkẹta ni “ìbú-sí-òòró.” Ìkẹta yìí ni mo fara mọ́, ká kàn pa á pọ̀ kó di ìbúsóòró.

N kò ní pẹ́ lórí ìpíndọ́gba. Ohun tí a pín dọ́gba ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ 16 àti 9 kò dọ́gba.

“Ìwọ̀n” ló dùn mí jù, torí ó ti kó mi sí wàhálà rí. Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó wa, tí wọ́n yà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1997, ni mo gbé fún ẹnì kan pé kó bá mi gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo máa wò ó, gbogbo wa ti fẹ̀. Gèlè ìyá mi tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ, táyà mọ́tò tó gbé ìyàwó di ẹyin tó dùbúlẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwòrán yìí kò rí bó ṣe yẹ.” Ó ní, “Àbúrò, wò ó, ìwọ̀n rẹ̀ pé, 720×576 ni.” Òótọ́ ló sọ: píksẹ̀lì, àwọn ẹ̀là kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, jẹ́ 720 ní ìbú, 576 ní òòró. Àmọ́ 720×576 yẹn kan náà ni PAL, irú fídíò tí Nàìjíríà ń lò láyé kásẹ́ẹ̀tì, fi ń gbé 4:3, òun náà ló fi ń gbé 16:9. Ìwọ̀n kan, ìrísí méjì. Àmì kékeré inú fáìlì ló ń sọ èyí tó jẹ́ fún ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n sì ti fi àmì 16:9 sí kásẹ́ẹ̀tì 4:3, ni olúkúlùkù wa bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ sí i. Ká ní mo ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu lọ́jọ́ náà, mi ò bá ti sọ pé, “Ìwọ̀n pé, ìbúsóòró ló bàjẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 576 pín 720, 1.25 lẹ máa rí, kì í ṣe 1.33 tí 4:3 jẹ́. Píksẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni kò dọ́gba ní ìbú àti òòró. Bí a bá ka gbogbo 720 náà, píksẹ̀lì PAL fún 4:3 jẹ́ 16 sí 15. Ti NTSC, irú tí Amẹ́ríkà ń lò láyé kásẹ́ẹ̀tì, 720×480, òdìkejì ni, 8 sí 9. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, PAL á sọ èèyàn rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, NTSC á sọ ọ́ di ẹni tó sanra. Nítorí náà a nílò “ìbúsóòró àwòrán” àti “ìbúsóòró píksẹ̀lì.” Ta ló máa gbọ́ “ìwọ̀n píksẹ̀lì” tí nǹkan yìí máa yé?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan bẹ̀rù pé ẹni tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ á ka “ìbú” inú ìbúsóòró sí ibú omi. Ó yẹ ká fi àmì sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní igi dábùú ọ̀nà, ìbú yìí náà ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rántí odò. “Sí” náà kò ṣàjèjì: ẹni tó ń gbọ́ èsì bọ́ọ̀lù, 2 sí 1, á ka mẹ́rin sí mẹ́ta láìbéèrè.

Ẹlòmíràn ti tún kásẹ́ẹ̀tì wa ṣe, ní 1440×1080, ó fi dúdú 240 sí ọ̀tún, 240 sí òsì, kó lè kún ìbú 1920 ti 16:9. Táyà ti padà rí roboto.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ká fi òfin dè ni pé kí ìbú máa ṣáájú nígbà gbogbo. Mo rí i tí ẹnì kan kọ “16:9 olóòró” fún fídíò tí a fi fóònù yà ní ìdúró. Mẹ́sàn-án sí mẹ́rìndínlógún ni yẹn.